Gààrí Tó Lé Nínú Ilé Wa

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

Mo ra ìwé yìí ní ₦700 lọ́wọ́ Alhaja Hàjàrá, tó ní ìsọ̀ ní àdúgbò wa. Lóṣù tó kọjá, ₦550 ni. Mo bi í léèrè ohun tó fà á, ó ní dọ́là ni. Kí ló kan dọ́là kan ìwé olójú ewé ọgọ́ta? Mo san owó náà, ṣùgbọ́n mo ka ojú ewé rẹ̀ kí n tó kúrò níwájú rẹ̀. Méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó fún mi ní bisikíìtì kan kí n má bàa bínú.

Ìdí tí mo fi rà á nìyí. Fisáyọ̀mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan sì ti gbà á ní Ìbàdàn. Oṣù Kẹwàá ni yóò wọlé. Owó oúnjẹ oṣù kan gbáko yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú hósítẹ́ẹ̀lì, èmi kò sì ní sí níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà ní ẹ̀ka ọ́díìtì tí mo ń yẹ ìwé owó àwọn ẹlòmíràn wò. Mo mọ ohun tí owó ń fi ojú ènìyàn rí.

Nítorí náà, láti ọjọ́ Ajé, òun àti àbúrò rẹ̀ Ayọ̀bámi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni yóò máa gba owó oúnjẹ ilé yìí títí ìsinmi yóò fi parí. ₦40,000 lọ́sẹ̀. Àwọn ni yóò lọ sọ́jà, àwọn ni yóò pinnu ohun tí a ó jẹ, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti orí ìrẹsì dé orí iyọ̀. Ní gbogbo Àbámẹ́ta, èmi yóò yẹ ìwé náà wò. Bí Fisáyọ̀mi bá yege, á lọ sí Ìbàdàn. Bí kò bá yege, á gbàgbé Ìbàdàn, á wá ilé-ẹ̀kọ́ tó lè máa ti inú ilé yìí lọ.

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, Mà.” Ẹ ṣé ti kí ni? Mo ṣì ń rò ó bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Keje

Mo ka owó náà fún wọn lórí tábìlì ìjẹun, ẹyọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni gbogbo rẹ̀ kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn kò rí ṣéńjì. Bàbá wọn ń wò wá láti orí àga. Ó ní, “Ìyá Fisáyọ̀, ṣé wọn á kọ fáúṣà kí wọ́n tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀?” Mo ní bí ó bá wù wọ́n. Ọkùnrin yìí kò ka ṣéńjì rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Òjò rọ̀ títí di ọ̀sán. Wọn kò lè lọ sọ́jà. Búrẹ́dì la jẹ.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Tòmátì wọ́n bí ẹni pé wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé e wá. Ẹyin ₦5,900 fún kírétì kan. Wọ́n ra iṣu tuntun méjì ní ₦4,500, èyí kò burú.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, wọ́n kọ “Oríṣiríṣi, ₦650.” Mo bi wọ́n pé kí ni oríṣiríṣi. Ayọ̀bámi ló jẹ́wọ́: mítípáì méjì, àti ohun mímu tútù kan tí wọ́n jọ mu nítorí oòrùn. Oòrùn wo, nínú oṣù yìí? Mo sọ fún wọn pé inú ọ̀rọ̀ yẹn, oríṣiríṣi, ni gbogbo olè tí mo ti mú rí ń gbé. Mo yọ ₦650 kúrò nínú owó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ayọ̀bámi sunkún díẹ̀. Fisáyọ̀mi kọ ọ́ sínú ìwé pé mo yọ ọ́, ó fi déètì sí i.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n se ẹ̀wà láìsí epo tó. Bàbá wọn ní ó dùn. Irọ́ ni.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Ìwé wọn pé géérégé. Kò lé, kò dín, kò ku náírà kan.

Bàbá wọn ní kí n yìn wọ́n. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ná owó oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé rẹ̀ ń pé géérégé. Ènìyàn á gbàgbé ata, ṣéńjì á bọ́, ọlọ́kadà á ní òun kò ní ogún náírà. Ní ọ́fíìsì wa, ìwé tó bá mọ́ jù la máa ń kọ́kọ́ gbé sápá kan.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ

Mo yà sí Ọjà Tìtun bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, láti wo iye ọjà fúnra mi. Gààrí, ₦1,200 kóńgò kan. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Ẹ̀wà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìrẹsì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn.

Nígbà tí mo délé, kò sí ẹnì kankan nílé. Mo ṣí ike ńlá tí a ń kó gààrí sí. Ìwé wọn sọ pé kóńgò mẹ́rin ni wọ́n rà ní Ọjọ́bọ̀, a sì ti ń jẹ nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo mú kóńgò, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, mo wọ̀n ọ́n. Kóńgò márùn-ún ààbọ̀.

Mo tún un wọ̀n. Márùn-ún ààbọ̀ ni.

Ọjà tó bá dín, mo mọ ohun tí à ń ṣe sí i. Èyí tó lé ńkọ́? Èènì ni? Ẹ̀kúnwọ́ kan ni èènì, kì í ṣe kóńgò. Ta ló ń fún ọmọ mi ní gààrí, kí ló sì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo rí i. Lẹ́bàá ìsọ̀ Alhaja Hàjàrá ni. Ọlọ́kadà kan dúró, ó gbé àpò kan sílẹ̀ fún Fisáyọ̀mi, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti dàgbà ni, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti tan ọ̀kadà rẹ̀, ó ti lọ.

Mo wọ ìsọ̀ Alhaja lọ bí ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ. Mo bi í bóyá ó mọ ọlọ́kadà náà. Ó ní, “Ọmọ dáadáa ni Fisáyọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.” Èmi kò bi í léèrè Fisáyọ̀. Ọlọ́kadà ni mo bi í. Kò sì gba ṣéńjì ogún náírà tó kù lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ wo ni Alhaja Hàjàrá ti ń fi ogún náírà sílẹ̀ fún ènìyàn?

N kò lè jẹun alẹ́. Ẹ̀bà ni. Inú ike yẹn náà ni gààrí rẹ̀ ti wá.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Ìwé tún pé géérégé.

Mo ní kí Ayọ̀bámi lọ sá aṣọ. Nígbà tó ku èmi àti Fisáyọ̀mi, mo pa ìwé náà dé. Mo ní, “Ta ni ọkùnrin náà?”

Ó ní, “Ọkùnrin wo, Mà?”

“Ọlọ́kadà.”

“Bọ̀dá Solomon ni, Mà. Ẹrù ló máa ń bá mi gbé.”

Mo ní ẹrù kí ni. Mo ní gààrí tó lé nínú ike ńkọ́, níbo ló ti wá. Ó wo ilẹ̀, ó ní èènì ni. Mo ní ta ló ń fún ènìyàn ní kóńgò méjì èènì lórí kóńgò mẹ́rin. Kò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo wá sọ ohun tí ǹ bá má ti sọ. Mo ní ọmọbìnrin tí kò lè sọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá, gbogbo ènìyàn ló mọ ibi tó ti wá.

Kò sunkún. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí níwájú àwọn àlejò. Ó mú ìwé àti bírò rẹ̀, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a bọ̀. Fisáyọ̀mi kí mi, ó fún mi lómi, ó fún mi lóúnjẹ. Kò bá mi sọ ohun mìíràn. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ ti kọjá ààlà. Ó ní iṣẹ́ ọ́díìtì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, pé lọ́jọ́ kan màá kọ kúẹ́rì sí àlùfáà lórí ọrẹ. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, mo gbálẹ̀ yàrá wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ mi, wọ́n sì ti gbá a láàárọ̀. Mo rí kóló onígi kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi aṣọ ìbora àtijọ́ bò ó. Ó wúwo. Mo mì í, kò ró, èyí sì fi hàn pé ó kún fún owó bébà. N kò fọ́ ọ. Mo gbé e padà, mo sì rí i dájú pé ojú ihò rẹ̀ kọ sí ibi tó kọ sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹjọ

Mo gba àyè ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo ní eyín ń dùn mí. Ní ọdún mọ́kàndínlógún, n kò tíì pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹtì, 22 Oṣù Kẹjọ

Mo múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, mo jáde, mo sì jókòó sínú ilé ìtajà kan níwájú títì títí Fisáyọ̀mi fi kọjá. Mo tẹ̀ lé e. Mo ti wé gèlè kan tí n kì í wé. Nígbà tí a dé Ọjà Tìtun, mo dúró sẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́rọ ata kan, nítorí kò sí ẹni tó máa ń wo ẹ̀yìn ibẹ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀. N kò tíì dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí obìnrin náà pa ẹ̀rọ rẹ̀, tó ní, “Mọ́mì Fisáyọ̀, kí lẹ ń wá lẹ́yìn ata mi?” Ojú tì mí. Mo ní mò ń sinmi ni. Ó fún mi ní àpótí, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Láti orí àpótí yẹn ni mo ti rí ohun gbogbo.

Fisáyọ̀mi mú bébà kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ ìyá onígààrí. Kì í ṣe kóńgò mẹ́rin ló rà. Ó rà tó ọgbọ̀n kóńgò. Ó dúró ti ìyá náà, ó ń fi ìka ka kóńgò kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá sì pé mẹ́wàá, á na ọwọ́, ìyá náà á wọn kóńgò kan èènì fún un. Kóńgò kan gbáko. Ìyá náà fẹ́ dá ọwọ́ dúró nígbà kan, ó fẹ́ bu ẹ̀kúnwọ́, ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan sí i létí, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wọn kóńgò náà pé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ oníẹ̀wà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ onírẹsì. Solomon dé pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀, ó di gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Mo bi ẹlẹ́rọ ata pé irú ọjà wo lọmọ yìí ń rà báyìí. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ṣé èmi ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ni. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé ẹ̀yìn wa ló ń rajà fún, yàrá mẹ́sàn-án. Wọ́n ń kó owó jọ fún un ní Ọjọ́bọ̀, á ra ọjà wọn lápapọ̀, á pín in fún wọn ní iye tó rà á gan-an, wọn á sì san owó ọ̀kadà láàárín ara wọn. Kì í fi náírà kan lé e. Èènì nìkan ni tirẹ̀. Ó ń kó èènì náà jọ sílé títí á fi pọ̀, á wá tà á fún Alhaja Hàjàrá. Ó ní Solomon, ọkọ àbúrò òun ni, ó bímọ mẹ́rin, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń kọrin ní kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Ike gààrí mi ló sọ di ilé ìpamọ́. Kò fi owó tí mo fún un ṣe òwò rẹ̀ rárá, bí ṣéńjì bá sì bọ́, ó ní láti jẹ́ pé tirẹ̀ ló fi ń dí i, ìdí nìyẹn tí ìwé mi fi ń pé.

Mo jókòó síbẹ̀ títí ẹni tó kù nídìí ata fi lọ. Orí mi wú. Ọpọlọ wo nìyí? Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí mo sọ fún un ní Àbámẹ́ta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹlẹ́rọ ata rò pé ata ló ta mí lójú. Ó bu omi fún mi.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Mo pe gbogbo wọn jọ, bàbá wọn pẹ̀lú. N kò ṣí ìwé. Mo ní mo ti mọ̀ nípa èènì, mo ti mọ̀ nípa Solomon. Mo sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, láti orí eyín títí dé orí àpótí ẹlẹ́rọ ata. Bàbá wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní iṣẹ́ tó ṣe dára, ó dára ju ohun tí mo ní lọ́kàn láti kọ́ ọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó ń dùn mí. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ìgbà tí mo bi í léèrè lójúkojú, tí mo tilẹ̀ sọ ìsọkúsọ sí i, ó fara mọ́ ọn pé kí n kà á sí aṣẹ́wó ju kó sọ òótọ́ lọ. Kí ni mo ṣe?

Ayọ̀bámi ló dá mi lóhùn, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá.

Ó ní, “Mọ́mì, tó bá sọ fún yín, ẹ ó ní kó kó o wá kẹ́ ẹ bá a tọ́jú ẹ̀.”

Mo ní, “Kí ló burú nínú ìyẹn?”

Ó ní, “Bíi ti owó ọdún Kérésì, Mà. Tẹ́ ẹ ṣì ń bá wa tọ́jú.”

Bàbá wọn dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀. Iná wà.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún Fisáyọ̀mi pé bí ó bá rántí èyíkéyìí nínú owó náà, kó kọ ọ́ fún mi. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ kọ. Ó wọ yàrá, ó mú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan wá, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó ti kọ ọ́ tipẹ́.

Ojú ewé àkọ́kọ́, ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. “Kérésì 2017. Bọ̀dá Ọlátúnbọ̀sún, ₦500. Mọ́mì ń bá mi tọ́jú rẹ̀.” “Ọjọ́ ìbí mi. Àǹtí Adéṣọlá, ₦2,000. Mọ́mì ń bá mi tọ́jú rẹ̀.” Ìlà mọ́kànlélógójì. Láti ọdún 2021, kò kọ orúkọ mi mọ́, ó kàn ń fa ìlà kékeré kan síwájú owó. Àròpọ̀ rẹ̀, ₦68,700. Mo rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣì í.

Mo rántí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló burú. ₦2,000 ti Adéṣọlá, gáàsì ni. ₦5,000 tí ọ̀gá bàbá rẹ̀ fún un nígbà tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo fi kún owó bàtà tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ní Iléṣà. Òmíràn wà tí mo fi ra oúnjẹ, òun náà sì jẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo fẹ́ sọ owó ilé-ìwé tí mo ti san, owó aṣọ, owó dókítà nígbà tí ibà fẹ́ mú un lọ. Ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè ìyẹn. Kò sọ pé n kò bọ́ òun. N kò ní gbèsè oúnjẹ lọ́rùn. Mo sọ pé mò ń bá a tọ́jú nǹkan, n kò sì bá a tọ́jú rẹ̀.

Bí irú ìwé yìí bá wá sórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, màá kọ kúẹ́rì kí n tó mu tíì.

Ìyá mi náà bá mi tọ́jú tèmi. N kò béèrè rẹ̀ títí ó fi kú. Mo rò pé bí a ṣe ń ṣe ìyá nìyẹn.

Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ

Owó oṣù wọlé. Mo fún Fisáyọ̀mi ní ₦30,000, mo ní ìyókù ń bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Mo ní kó má bínú sí ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà tí mo sọ. N kò mọ bí a ṣe ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, nítorí náà mo sọ ọ́ kíákíá, mo ń wo fèrèsé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ó ti tán, Mà.”

Mo fura pé kò tíì tán. Ó ka ₦30,000 náà níwájú mi.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Àyẹ̀wò ìkẹyìn. ₦200 dín. Mo ní níbo ló wà. Fisáyọ̀mi ní òun kò mọ̀, ó bọ́ ni. Kò wá ibi tí yóò fi í pamọ́ sí. Mo fẹ́ràn ₦200 yẹn ju gbogbo ìwé tó pé géérégé lọ.

Mo ní ó yege. Mo ní kó lọ sí Ìbàdàn. Ó ní, “Ẹ ṣé, Mà.” N kò bi ara mi pé ti kí ni.

Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Adéṣọlá, àbúrò ọkọ mi, wá láti Òṣogbo. Bó ṣe ń lọ, ó fún Ayọ̀bámi ní ₦2,000. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti nà jáde, ẹnu mi sì ti là. Ayọ̀bámi wo ọwọ́ mi. Mo fi ọwọ́ náà gbá eṣinṣin kan tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà fi owó rẹ̀ sẹ́yìn síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Mo san ₦38,700 tó kù. N kò lè ra lẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ wa. Mo sọ fún wọn pé àwọ̀ rẹ̀ kò bá mi mu.

Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni Fisáyọ̀mi ń lọ. Òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀, àpótí rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àná. Ayọ̀bámi ló gba ọjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣe àdéhùn nínú yàrá, wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó fọ́ kóló rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun níwájú gbogbo wa. ₦54,300. Ó gbé èyí tí mo san fún un lé e, gbogbo rẹ̀ di ₦123,000. Ó yọ ₦43,000 sápá kan fún Ìbàdàn. Ó wá ti ₦80,000 tó kù sọ́dọ̀ mi.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀.”

N kò fọwọ́ kàn án. Mo ní báńkì ńkọ́? Ó ní báńkì á máa yọ nínú rẹ̀. Mo ní Alhaja Hàjàrá ńkọ́, ṣebí òun ló fọkàn tán. Ó ní Alhaja kọ́ ni ìyá òun. Mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ mi ni. N kò rí nǹkan kan.

Ó fa bébà méjì yọ nínú ìwé rẹ̀. Ohun kan náà ló kọ sí méjèèjì, pẹ̀lú ọwọ́ tó dára: pé òun, Fisáyọ̀mi, fi ₦80,000 sọ́wọ́ ìyá òun, Yéwándé, pé ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ni òun yóò gbà á padà, kí Kérésì tó dé, pé Ayọ̀bámi ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tirẹ̀. Bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó dákẹ́.

Ó ní kí n kọ́kọ́ ka owó náà kí n tó buwọ́ lùwé. Mo kà á. Mo tún un kà. Bí mo ṣe ń kà á, ó ń wo ọwọ́ mi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń wo ọwọ́ ìyá onígààrí. N kò sọ pé kó gbé ojú kúrò. Mo rọra ń kà á kó lè rí i dáadáa.